Venice: Bí a Ṣe Ń Wọ Ìlú Tí Kò Ní Ọ̀nà Mọ́tò

Ní àárín ìlú Venice ní Ítálì, mọ́tò kò sí, ọ̀kadà kò sí, kẹ̀kẹ́ ológeere gan-an kò gbọdọ̀ kọjá. Erékùṣù kéékèèké 118 ni wọ́n sábà máa ń kà nínú ọ̀sà náà, afárá tó lé ní 400 ló so wọ́n pọ̀. Omi ló ń gbé ohun gbogbo: bíríkì, ìdọ̀tí, aláìsàn, òkú pàápàá. Ẹni tó bá mọ èyí kó tó kúrò nílé, ọ̀tọ̀ ni bí yóò ṣe di ẹrù rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni bàtà tí yóò wọ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ibi tí yóò yàn láti sùn.

Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Wọ́n á tẹ̀ lé èrò láti ibùdó rélùwéè lọ sí afárá Rialto, láti Rialto lọ sí gbàgede San Marco, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n rí, òun náà ló sì kún jù. Nítorí náà, òru méjì ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé, ó kéré tán. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, àti lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìlú náà máa ń padà sọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn náà ò sì pọ̀ mọ́: ní 1951, nǹkan bí 175,000 ènìyàn ló ń gbé àárín ìlú, lónìí wọn kò tó 50,000.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́

Oṣù kẹta, ìparí oṣù kẹwàá àti oṣù kọkànlá ló dára jù fún ẹni tí kò fẹ́ ọ̀pọ̀ èrò. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ooru mú, ẹ̀fọn pọ̀, owó ilé sì ga sókè. Àkókò Carnival, ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, ilé wọ́n, ibi ìdúró lórí afárá pàápàá ń di ọ̀ràn.

Ìwé àṣẹ (físà) Schengen ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà yóò gbà. Káàdì ìgbélùú Britain tàbí green card Amẹ́ríkà kò dípò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó ń gbé London máa ń ṣì í. Ìbánigbófò ìlera tó gbé tó 30,000 yúrò kéré tán wà lára ohun tí wọn yóò béèrè.

Lẹ́yìn náà ni owó ìwọ̀lú, tí wọ́n ń pè ní contributo di accesso. Ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún yẹn, ọjọ́ 29 ni wọ́n fi gbà á. Ní 2025 ó di ọjọ́ 54, pàápàá Friday sí Sunday láti oṣù kẹrin sí ìkeje. Ẹni tó wá fún ọjọ́ kan, tó wọ ìlú láàárín 8:30 àárọ̀ sí 4:00 ìrọ̀lẹ́, ló ń san án: yúrò 5 bó bá tètè san, yúrò 10 bó bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé 14 kì í san. Ẹni tó sùn nínú agbègbè ìjọba ìbílẹ̀ Venice kì í san pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì ìlú náà kó sì gba kóòdù tó fi hàn pé wọ́n yọ òun sílẹ̀. Ibí ni ìṣòro wà. Ẹlòmíràn á ní òun ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì, kò ní gba kóòdù, wọ́n á dá a dúró níwájú ibùdó rélùwéè, owó ìtanràn sì bẹ̀rẹ̀ láti yúrò 50. Ẹ yẹ kàlẹ́ńdà ọdún tí ẹ ń lọ wò, torí ọjọ́ rẹ̀ ń yí padà lọ́dọọdún.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka afárá kí ẹ tó sanwó ilé

Mestre wà lórí ilẹ̀ gbọọrọ, ilé rọ̀ níbẹ̀, rélùwéè sì ń gbé ènìyàn dé Venice ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí owó ò bá sí, kò burú. Àmọ́ ẹni tó sùn sí Mestre yóò máa wo aago lálaalẹ́, alẹ́ gan-an sì ni ìlú yìí dùn jù.

Àdúgbò mẹ́fà ló wà nínú Venice, sestiere ni wọ́n ń pè wọ́n. Santa Croce àti Cannaregio sún mọ́ ibùdó rélùwéè àti bọ́ọ̀sì, àwọn ló yẹ àgbàlagbà àti ẹni tó gbé ọmọ dání. Dorsoduro ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, gbàgede Campo Santa Margherita kì í tètè sùn. Ìlà-oòrùn Castello, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Via Garibaldi, ni ẹ ti máa rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn láti fèrèsé kan sí èkejì, àti ìyá àgbà tó ń fa kẹ̀kẹ́ ọjà. San Marco wọ́n, ó sì dá wáí lóru. San Polo wà nítòsí ọjà Rialto, ó dára fún onífẹ̀ẹ́ oúnjẹ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi onílé ní ìbéèrè mẹ́ta. Ibùdó ọkọ̀ ojú omi wo ló sún mọ́ ọn jù? Afárá mélòó ló wà láàárín ibùdó yẹn àti ilẹ̀kùn? Àjà kelòó ni yàrá wà, ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè wà? Àtẹ̀gùn ló wà lórí afárá gbogbo, àfi díẹ̀. Àpótí kílò 23 lórí afárá márùn-ún, ẹ ó gbé e gòkè lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ ó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àpótí kékeré kan tí kò ju kílò 10 lọ àti báàgì ẹ̀yìn ló tọ́. Ẹ fi owó orí àlejò sọ́kàn pẹ̀lú. Òru kọ̀ọ̀kan, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á, kì í sì í sábà sí nínú iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ 3: Wíwọlé

Ibùdó rélùwéè ńlá méjì ló ń jẹ́ Venezia, bí àwọn ará Ítálì ṣe ń pe Venice. Venezia Mestre ló kọ́kọ́ dé, Venezia Santa Lucia ló kẹ́yìn, lẹ́yìn afárá gígùn tó gba orí ọ̀sà kọjá. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gba ibẹ̀ láti 1846, mọ́tò sì láti 1933. Bí ẹ ò bá tíì gun orí omi, ẹ má sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá jáde ní Santa Lucia, omi Grand Canal, ojú omi ńlá tó la ìlú náà já, ni ẹ ó kọ́kọ́ rí níwájú yín, láì sí títì kankan láàárín. Ojú kì í tètè gbà á gbọ́.

Láti pápákọ̀ òfurufú Marco Polo, bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ATVO tàbí nọ́ńbà 5 ti ilé-iṣẹ́ ACTV ń dé Piazzale Roma ní bí ìṣẹ́jú 20 sí 25, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà mọ́tò parí sí. Ọkọ̀ ojú omi Alilaguna wọ́n ju bọ́ọ̀sì lọ, ó sì lè gba wákàtí kan àti ààbọ̀, àmọ́ bí ilé yín bá wà ní Castello tàbí Fondamente Nove, á gbà yín lọ́wọ́ gbígbé ẹrù. Takisí orí omi lè gba yúrò tó lé ní 100. Àwọn ọkọ̀ òfurufú olówó pọ́ọ́kú máa ń kọ “Venice” sórí tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tó jẹ́ Treviso ni wọ́n ń bà sí, ìrìn bọ́ọ̀sì tó lé ní wákàtí kan sí Piazzale Roma. Ẹ wo lẹ́tà pápákọ̀ náà: VCE ni Marco Polo, TSF ni Treviso.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọkọ̀ ojú omi, àti ìṣirò rẹ̀

Vaporetto ni bọ́ọ̀sì Venice. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan jẹ́ yúrò 9.50, ìṣẹ́jú 75 ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ti wákàtí 24 jẹ́ 25, ti 48 jẹ́ 35, ti 72 jẹ́ 45. Bí ẹ bá máa wọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóòjọ́, ti wákàtí 24 ló ṣàǹfààní. Ẹni tó wà láàárín ọdún 6 sí 29 lè gba káàdì Rolling Venice, kí tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí 72 lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìlú náà kò tóbi tó bẹ́ẹ̀: láti Santa Lucia dé San Marco, ìrìn bí ogójì ìṣẹ́jú ni. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè kó gbogbo ìrìn omi rẹ̀ sí ọjọ́ kan, kó fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń wọ ọkọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi tíkẹ́ẹ̀tì kan ẹ̀rọ náà títí yóò fi dún. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà tí ẹ ò fi kan ẹ̀rọ, bí ẹni pé ẹ ò rà á ni lójú olùyẹ̀wò.

Láìn 1 ló ń gba Grand Canal láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń dúró níbi gbogbo, bí ìṣẹ́jú 45 ló ń gbà dé San Marco. Ẹ má wọ̀ ọ́ níwájú rélùwéè bí ẹ bá fẹ́ rí àga jókòó. Ẹ rìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí Piazzale Roma, níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, nígbà tí iná ti ń tàn nínú àwọn ààfin, tí ẹ lè rí òrùlé inú wọn láti orí omi. Ní ọwọ́ ọ̀tún ẹ ó rí Fondaco dei Turchi, ilé tí àwọn oníṣòwò Turkey ń lò nígbà kan. Ní ọwọ́ òsì ni Ca' d'Oro wà, olókùúta tí wọ́n gbẹ́ bí ọnà léèsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọjà ẹja ní ọ̀tún, kí afárá Rialto tó yọ. Láàárín 1588 sí 1591 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó mítà 28 lórí omi, láì ní òpó láàárín. Ní ìparí, ṣọ́ọ̀ṣì Salute funfun wà ní ọ̀tún, San Marco ní òsì.

Láìn 1 yìí ti fún yín ní ohun tí gondola, ọkọ̀ tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, ń tà. Bí ẹ bá sì fẹ́ gondola náà, iye tí ìjọba fọwọ́ sí ni yúrò 90 fún ìṣẹ́jú 30 lọ́sàn-án, 110 fún ìṣẹ́jú 35 láti aago méje alẹ́. Owó ọkọ̀ ni, kì í ṣe owó orí. Ènìyàn márùn-ún lè pín in. Ẹ fẹnu kò lórí iye àti ìṣẹ́jú kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan pákó. Ẹ wo ọkọ̀ náà dáadáa: kò dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ òsì fẹ̀ ju ọ̀tún lọ, nítorí ọ̀tún nìkan ni atukọ̀ ń fi àjẹ̀ wà. Ká ní ó dọ́gba ni, ṣe ni ì bá máa yí po. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí, kó wọ traghetto ní Santa Sofia tàbí San Tomà: gondola ńlá ni, atukọ̀ méjì ló ń wà á, yúrò 2 ló ń gba àlejò láti etí kan Grand Canal sí èkejì.

Ìgbésẹ̀ 5: Kíka àdírẹ́sì

Àdírẹ́sì Venice kò dárúkọ òpópónà. “Castello 5274” kàn túmọ̀ sí ilé tó gba nọ́ńbà 5274 nínú gbogbo àdúgbò Castello, nọ́ńbà náà sì ń yí ká bí ejò. Ẹ gba orúkọ calle (ọ̀nà tóóró) àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́ onílé. Orúkọ calle nìkan kò tó, torí Calle del Forno, ọ̀nà ibi ìdáná búrẹ́dì, pọ̀ káàkiri ìlú.

Calle ni ọ̀nà tóóró. Fondamenta ni ọ̀nà tó bá omi rìn. Rio ni omi kékeré, rio terà sì ni omi tí wọ́n ti dí pa di ilẹ̀. Sotoportego ń gba abẹ́ ilé kọjá, ẹni tó ga a máa tẹrí ba níbẹ̀. Campo ni gbàgede. Pápá ni ìtumọ̀ rẹ̀, koríko ló sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Piazza kan ṣoṣo ló wà, ti San Marco. Wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ wọ̀nyí sórí àmì funfun tí wọ́n kùn sára ògiri, tí wọ́n ń pè ní nizioleti, ìyẹn aṣọ bẹ́ẹ̀dì kékeré. Èdè Venice ni wọ́n fi kọ púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ohun tí fóònù sọ àti ohun tó wà lára ògiri lè yàtọ̀. Àwọn ẹni mímọ́ méjì, Gervasio àti Protasio, ni wọ́n pa pọ̀ di San Trovaso!

Láàárín ògiri gíga méjì, fóònù kì í gbọ́ sátẹ́láìtì dáadáa. Àmì búlúù yẹn á fò sí òdìkejì omi, ẹ ó sì máa yí lójú kan. Ẹ má bá a jà. Ẹ rìn dé campo tó sún mọ́ yín, níbi tí ojú ọ̀run ti là, ẹ dúró kó padà sípò. Tàbí kẹ̀, ẹ gbójú sókè wá àmì tó ní ọfà: Per Rialto, Per San Marco, Alla Ferrovia ń júwe rélùwéè. Calle tó bá parí sínú omi, ẹ padà sẹ́yìn. Kò sí pákó tó fara pa mọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa gbà, kí ẹ má sì dúró sórí afárá tóóró ya fọ́tò nígbà tí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ wà lẹ́yìn yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wo ilẹ̀ campo kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá

Èyí kò sí nínú ètò ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun sì ni kọ́kọ́rọ́ ìlú náà. Ní àárín campo ẹ ó rí ẹnu kànga tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, ìdérí irin wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe kànga tí wọ́n gbẹ́ dé orísun. Omi iyọ̀ ni wọn ì bá bá níbẹ̀. Àmù ńlá abẹ́ ilẹ̀ ni. Wọ́n gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ tó gbàgede náà fúnra rẹ̀, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ yí ká kí omi ọ̀sà má bàa yọ́ wọlé, wọ́n sì da yanrìn kún un. Ẹ wo àwọn òkúta tó wà nílẹ̀: wọ́n dagun díẹ̀ sí ìhà òkúta oníhò, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin yí ẹnu kànga ká. Òjò á ṣàn wọ inú ihò wọ̀nyí, yanrìn á sẹ́ ẹ, omi tó mọ́ á yọ́ bọ́ sínú ihò bíríkì tó wà láàárín, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fà á. Ìdí nìyí tí ẹnu kànga fi máa ń wà lórí àtẹ̀gùn kan tàbí méjì: bí omi òkun bá kún bò ó, gbogbo yanrìn náà bàjẹ́ nìyẹn. Ní 1884 ni omi ẹ̀rọ dé láti ilẹ̀ gbọọrọ. Lónìí, ẹ̀rọ omi kéékèèké wà káàkiri tó ń ṣàn lọ́fẹ̀ẹ́, omi rẹ̀ ṣeé mu. Ẹ gbé ìgò dání, kí ẹ má máa ra omi.

Ilé tó yí campo náà ká dúró lórí igi. Wọ́n gbá òpó igi sínú ẹrẹ̀ títí tó fi kan amọ̀ líle, wọ́n tẹ́ pákó lé e, wọ́n wá tẹ́ òkúta funfun Istria, tí omi kì í wọ̀, sórí rẹ̀. Igi tó rì sínú ẹrẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé kì í tètè jẹrà. Lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Salute nìkan, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1631 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí wọ́n sì parí ní 1687, òpó náà lé ní mílíọ̀nù kan.

Ìgbésẹ̀ 7: San Marco, ní àárọ̀ kùtù

Ẹ dé gbàgede náà kí aago mẹ́jọ tó lù, kí ẹ rìn ín lófìfo. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Basilica, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti rà ṣáájú lórí ìkànnì wọn. Èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ bò, báàgì ńlá kò gbọdọ̀ wọlé. Ní 828 ni àwọn oníṣòwò Venice jí òkú Máàkù mímọ́ gbé láti Alẹkisáńdíríà. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, 1094 ni wọ́n yà á sí mímọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ àti dígí oníwúrà tí wọ́n tò sára ògiri àti òrùlé lé ní 8,000 mítà onígun mẹ́rin. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín pẹ̀lú: ilẹ̀ náà ti rì, ó ń ru bí ìgbì. Ẹ san owó kún un kí ẹ gòkè lọ wo ẹṣin bàbà mẹ́rin. Ti ìta jẹ́ àwòṣe, ti inú ni ojúlówó. Constantinople ni wọ́n ti kó wọn lógun ní 1204, Napoleon tún kó wọn lọ sí Paris ní 1797, wọ́n sì padà ní 1815. Olè tí olè jà lólè.

Ilé-ìṣọ́ agogo tó wà níwájú ga tó nǹkan bíi mítà 98. Ó wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1902 láì pa ẹnikẹ́ni, wọ́n sì kọ́ ọ padà bó ṣe wà ní 1912. Ìlà rẹ̀ máa ń gùn. Ẹ wọ láìn 2 láti San Zaccaria, ibùdó kan péré, lọ sí San Giorgio Maggiore: ilé-ìṣọ́ tibẹ̀ ní ẹ̀rọ agbéniròkè, ìlà rẹ̀ kúrú, láti ibẹ̀ ni ẹ sì ti ń rí San Marco fúnra rẹ̀, èyí tí ẹni tó wà lórí San Marco kò lè rí.

Ààfin Doge, olórí ìlú náà láyé àtijọ́, ń gba wákàtí méjì. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó bí yúrò 30, ó máa ń dín kù fún ẹni tó ti rà á ní oṣù kan ṣáájú, ó sì ṣí ilẹ̀kùn Museo Correr ní òdìkejì gbàgede. Ìrìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Itinerari Segreti, ó ń gba yàrá ìfọ̀rọ̀wáni-lẹ́nu-wò àti ẹ̀wọ̀n abẹ́ òrùlé tí Casanova, òǹkọ̀wé ọmọ Venice, ti sá jáde ní 1756. Ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ sílẹ̀ fún un, kì í sì í pẹ́ kún.

Ẹ má jókòó sórí àtẹ̀gùn gbàgede jẹun, ẹ má fún ẹyẹlé lóúnjẹ, ẹ má ti ẹsẹ̀ bọ omi. Owó ìtanràn wà fún gbogbo rẹ̀.

Bí àyè bá ṣì wà, ẹ lọ sí ilé àwòrán Gallerie dell'Accademia. Nínú àwòrán kan tí Vittore Carpaccio yà ní nǹkan bí 1494, Rialto ṣì jẹ́ afárá onígi, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan sì dúró lórí gondola tó ń tukọ̀, fìlà pupa lórí. Ẹ wá a, ẹ ó rí i. Ghetto ní Cannaregio náà yẹ ní wíwò: 1516 ni wọ́n há àwọn Júù mọ́ ibẹ̀, orúkọ ibẹ̀ sì ni gbogbo ayé wá ń lò fún irú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kò tó wọn, ni wọ́n bá ń kọ́lé sókè. Ẹ ka fèrèsé, ẹ ó rí bí òrùlé yàrá ṣe rẹlẹ̀ tó. Àkókò tí Biennale, ìfihàn iṣẹ́ ọnà àti ti ilé kíkọ́, bá ń lọ, Arsenale, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́ ní Castello, máa ń ṣí. Ibẹ̀ ni Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, tún irú ilé-ẹ̀kọ́ orí omi tó kọ́ sí Makoko kọ́ sí ní 2016, tó sì gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà.

Ìgbésẹ̀ 8: Oúnjẹ, àti ọ̀rọ̀ “etto”

Ọjà Rialto ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù. Wọn kì í ta ẹja ní Sunday àti Monday. Àwọn bacaro wà ní ẹ̀yìn ọjà náà: ilé wáìnì kéékèèké tí wọ́n ń ta cicchetti, òkèlè oúnjẹ lórí búrẹ́dì, bí yúrò kan àti ààbọ̀ sí mẹ́ta ẹyọ kan. Ẹ dúró jẹ ẹ́. Ẹni tó jókòó ń san ju ẹni tó dúró lọ, ìlànà ni, kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ní gbàgede San Marco, wọ́n tún ń gba owó orin lọ́wọ́ ẹni tó jókòó. Coperto tó wà nísàlẹ̀ ìwé owó ni owó búrẹ́dì àti tábìlì.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ẹja. Bí ìwé oúnjẹ bá kọ “all'etto” sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó, gíráàmù 100 ni owó yẹn wà fún. Ẹja tí wọ́n kọ yúrò 8 sí, tó wọn gíráàmù 600, yúrò 48 ni. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n sọ iye rẹ̀ kí wọ́n tó sè é.

Ẹ tọ́ baccalà mantecato wò. Níbòmíràn ní Ítálì ẹja oníyọ̀ ni baccalà, àmọ́ ní Venice ẹja gbígbẹ Norway ni, stockfish kan náà tí wọ́n ń kó wá sọ́jà Nàìjíríà. Pietro Querini, ọmọ Venice tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, tí ìgbì sì gbé dé erékùṣù Røst ní 1432, ni wọ́n sọ pé ó mú un wálé. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á wá máa fi òróró nà án títí yóò fi funfun bí ẹ̀kọ tútù. Orí polenta ni wọ́n ń gbé e lé, polenta ò sì jìnnà sí tùwó àgbàdo.

Ìgbésẹ̀ 9: Bí omi bá kún

Láti oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, bí omi òkun bá ń kún tí afẹ́fẹ́ scirocco sì ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn, a máa ti omi wọ inú ọ̀sà, kì í jẹ́ kó padà. Acqua alta nìyẹn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 1966 ó dé sẹ̀ǹtímítà 194; ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá 2019 ó dé 187. Láti ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 2020, ilẹ̀kùn irin 78 tí wọ́n ń pè ní MOSE ti ń dìde láti ìsàlẹ̀ òkun dí ẹnu ọ̀sà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nígbà tí wọ́n bá rí i pé omi fẹ́ kọjá 110.

Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn já yín láyà. Láti òdo òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. San Marco, ibi tó rẹlẹ̀ jù, ń bẹ̀rẹ̀ sí rin ní bíi 80. Bí wọ́n bá ní 100, nǹkan bí 20 ló máa wà lẹ́sẹ̀ yín níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ibi tó kù yóò sì gbẹ. Lálẹ́, ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ tí Centro Maree, iléeṣẹ́ ìlú náà tó ń wọn omi òkun, ṣe fún ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá gbọ́ fèrè ìkìlọ̀, ohùn kan túmọ̀ sí 110, ohùn mẹ́rin sì túmọ̀ sí 140 sókè. Wọ́n á to pákó ìrìn sójú ọ̀nà. Ẹ máa rìn lọ lórí rẹ̀, ẹ má dúró. Láàárín wákàtí mélòó kan omi á fà. Ṣùgbọ́n àwọn vaporetto kan kì í lè gba abẹ́ afárá nígbà náà, wọ́n á yí ọ̀nà padà, nítorí náà ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ó dá wákàtí fún pápákọ̀ ní bíńtín.

Ìgbésẹ̀ 10: Àwọn erékùṣù

Láìn 12 láti Fondamente Nove. Ẹ kọ́kọ́ lọ síbi tó jìnnà: Burano ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀, Torcello lẹ́yìn rẹ̀, Murano nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣe é lódìkejì, Burano yóò kún kí ẹ tó dé. Léèsì Burano kì í ṣe ti aṣọ ẹbí o: abẹ́rẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ń ṣe é lọ́wọ́, ẹyọ kékeré kan lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n so rọ̀ ní yúrò 10 kì í ṣe òun. Ní Torcello, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 639 wà láàárín pápá, bí ẹni pé ìlú ti ṣí lọ fi í sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Ní 1291 ni ìjọba ní kí gbogbo iléeru dígí kó lọ sí Murano nítorí iná. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí Venice wà lára èyí tí àwọn oníṣòwò Yúróòpù kó wá sí etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ ìyá àgbà lè rí ojúlùmọ̀ nínú mùsíọ́mù dígí tibẹ̀. Ẹ wá àmì Vetro Artistico Murano kí ẹ tó sanwó. Bí ẹnì kan ní San Marco bá ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ gbé yín lọ wo iléeru lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ kọjá. Ọkọ̀ àlọ ni ọ̀fẹ́. Ẹ ó lo wákàtí kan láàárín àwọn olùtajà kí ẹ tó rí ọ̀nà àbọ̀.

Lọ́jọ́ ìpadà, ẹ ti kọ́kọ́ di ẹrù lálẹ́. Ẹ ka iye afárá láti ilé dé ibùdó, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un fún afárá kọ̀ọ̀kan tí ẹ ó gbé àpótí gùn, ẹ sì kúrò kí aago mẹ́jọ tó lù, nígbà tí vaporetto ṣì ní àyè fún ẹrù. Bí ẹ bá dé Piazzale Roma, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì pápákọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó tò sórí ìlà. ATVO àti ACTV kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì ara wọn.